Imí-Ọjọ́ ní Rogers Park

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni obìnrin náà bi Jìbírílù, kò sì fi ìjà bi í. Ó ti jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń wo bí Jìbírílù ṣe ń tú ẹ̀rọ fọtokọ́pì tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì wọn, tó ń gbọn páúdà dúdú kúrò lára rẹ̀, tó sì ń dè é padà. Àgbàlagbà òyìnbó ni, Missis Hanrahan lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé àwọn lọ́yà kan láàárín ìgboro Chicago. Oṣù karùn-ún ọdún 1986 ni.

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń lo nǹkan yìí," ó ní. "Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lórí bébà kan bọ́ sórí èkejì gan-an?"

"Iná ló ń ṣe é, mà. Iná á tàn sí bébà yín, páúdà á sì lẹ̀ mọ́ bébà tuntun."

"Iná ń tàn sí mi lójú láràárọ̀ níwájú jígí, kò sí páúdà tó lẹ̀ mọ́ jígí mi. Báwo ni páúdà yìí ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó lẹ̀ mọ́?"

Jìbírílù wo inú ẹ̀rọ náà. Ó mọ nọ́ńbà gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà lórí. Ó mọ èyí tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ó mọ èyí tó máa ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun á wádìí ẹ̀ wá, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde. Inú lífìtì ló wà tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Físíìsì ni Jìbírílù Adéògún bá wá sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì àtààbọ̀ ló ti lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí bàbá rẹ̀ tó kú ní Ìsẹ́yìn. Ó lọ sílé, ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò àti ọ̀rọ̀ ilé dá a dúró fún oṣù mẹ́wàá, nígbà tó sì padà dé, wọ́n ní kó tún ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ti kọ́ kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun á ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí "díẹ̀ ná" yẹn. Ó ti di ẹni tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń pè ní "ọkùnrin ẹ̀rọ."

Lọ́jọ́ náà kò lè jókòó jẹun. Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà, ó ṣí fíríìjì, kò mú nǹkan kan níbẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń retí tẹlifóònù?" Kàfáyàtù ìyàwó rẹ̀ bi í. Ọmọ Ìwó ni Kàfáyàtù. Ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan, òun ló ń wẹ àwọn aláìsàn tó ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti lóyún oṣù méjì.

"Kò sí nǹkan kan," Jìbírílù ní. Kò jókòó síbẹ̀síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sí láìbúrérì Rogers Park, àdúgbò wọn, kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. Nígbà tó délé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó jókòó síwájú ìrẹsì rẹ̀, kò sì jẹ́ kí Kàfáyàtù ráyè sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Carlson," ó ní. "Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn ohun tuntun táwọn èèyàn ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fẹ́ ẹ̀dà ìwé, kì í sì í sí ẹ̀dà tó tó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, oríkèé ọwọ́ sì ń dùn ún. Ó ní àfi kóun wá nǹkan ṣe sí i. O mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Kíṣìnì ilé ẹ̀!"

"Kíṣìnì?"

"Kíṣìnì. Ó ń yọ́ imí-ọjọ́ sórí páànù síńkì. Nígbà tó yá, ó gba yàrá kékeré kan ní New York, ó sì wá ẹnì kan tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ní 1938, wọ́n fi hánkáṣíìfù ra páànù yẹn nínú òkùnkùn títí iná kékeré fi jókòó sára ẹ̀, bí irú èyí tó máa ń ta wá tá a bá rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ àdúgbò wọn sórí gíláàsì, wọ́n gbé e lé páànù, wọ́n tan gílóòbù sí i. Wọ́n bu páúdà sí i, wọ́n fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà níbẹ̀! Káfà, ó lé ní ogún iléeṣẹ́ tó sọ fún un pé àwọn ò fẹ́. Ogún ọdún lé kan kọjá kí ẹ̀rọ tí gbogbo ọ́fíìsì lè lò tó jáde."

Kàfáyàtù ń jẹun rẹ̀ lọ. "Ṣé ó níyàwó?" ó béèrè.

"Ó ní."

"Kí ni ìyàwó ẹ̀ sọ sí imí-ọjọ́ ní kíṣìnì?"

Jìbírílù yí ṣíbí rẹ̀ padà. "Wọ́n padà kọ ara wọn sílẹ̀ ṣá."

Kàfáyàtù dìde. Ó kó abọ́ méjèèjì, ti Jìbírílù tí kò tíì jẹ tán pẹ̀lú, ó gbé wọn lọ sídìí ọ̀pọ́n ìfọbọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Jìbírílù fi ra imí-ọjọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tọ́jú ọgbà òdòdó, tó gé páànù síńkì láti ilé ìtajà àwọn tó ń kan òrùlé. Ó dúró kí ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ó ṣí fèrèsé, ó gbé páànù lé iná. Ìgbà àkọ́kọ́, imí-ọjọ́ náà ki bí àkàṣù. Ìgbà kejì, ó dán dáadáa. Ìgbà kẹta, ó gbaná, iná aláwọ̀ búlúù kékeré kan ń sáré lójú páànù, èéfín rẹ̀ sì gbé Jìbírílù lọ́fun tó fi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń wúkọ́. Aṣọ ìnura tó tutù ló fi pa á. Kò tíì dìde tí kọ́kọ́rọ́ fi dún lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti jẹ́ kí Kàfáyàtù tètè kúrò níbi iṣẹ́ torí pé èébì ń gbé e.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìbòrí bo imú.

"Kí lẹ̀ ń sun?"

"Ó ti tán. Mo ti pa á."

"Mo ní kí lẹ̀ ń sun nínú ilé tí mo ti ń sùn, èmi aboyún?"

"Káfà, jọ̀ọ́, ìgbà kan péré..."

"Àwọn tí imú wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni mo ń tọ́jú láti àárọ̀. Àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́. Ẹ wá lọ gbé èéfín wá pàdé mi nílé."

Onílé tó ń gbé nísàlẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn, ó ń béèrè bóyá kóun pe àwọn panápaná. Jìbírílù ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ ní yàrá, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ dá lóhùn. Kí onílé tó lọ, Kàfáyàtù ti kó aṣọ sínú báàgì.

"Joliet ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá, kẹ́ ẹ pè mí."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Jìbírílù dá wà nínú ilé náà. Ó yẹ kí ìyẹn mú un jókòó, àmọ́ ńṣe ló túbọ̀ ń dà á láàmú. Páànù kan wà tí imí-ọjọ́ rẹ̀ dán dáadáa kó tó di pé ìkẹta gbaná. Òun ló gbé lọ sí balùwẹ̀, torí pé ibẹ̀ nìkan ni kò ní fèrèsé. Ó ń fi hánkáṣíìfù ra á nínú òkùnkùn títí apá fi ń ro ó, ó tan gílóòbù, ó bu páúdà dúdú tó ń lò níbi iṣẹ́ sí i, ó fẹ́ ẹ. Gbogbo páúdà náà á fò lọ. Kò sí àmì kan lójú páànù. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi sílíìkì ra á, ó fi irun àgùntàn ra á. Imú rẹ̀ dúdú, ògiri balùwẹ̀ dúdú, ojú páànù sì mọ́ kedere.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kejì, ó wa ọkọ̀ lọ sí Joliet. Àlàájà Rùkáyátù, ẹ̀gbọ́n Kàfáyàtù, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin tó ga, tí kì í sáré sọ̀rọ̀ ni. Jìbírílù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Àlàájà sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kó dìde.

"Jìbírílù, wọ́n ní o ń se imí-ọjọ́."

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe pé mo ní kó o bẹ̀ mí. Mò ń béèrè ni. Kí lò ń wá gan-an? Ẹ̀rọ tó o fẹ́ ṣe yìí, ṣé wọn ò tíì ṣe é ni? Ọ̀kan wà níbi iṣẹ́ ọkọ mi."

Jìbírílù wo ilẹ̀. Ó ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bí nǹkan náà ṣe máa ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe máa gbé e sókè. Kò lè sọ ọ́ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò lè dáhùn. Tó bá jẹ́ ìgbà tí mo wà nílé-ìwé, mi ò ní sùn kí n tó dá a lóhùn. Ní báyìí, ọwọ́ nìkan ni mò ń lò. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ nìkan ló kù."

Ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣí díẹ̀. Kàfáyàtù ló dúró níbẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi bẹ́ẹ̀?" ó ní. "Ìtàn òyìnbó lẹ sọ fún mi."

Àlàájà dìde. "Gáréèjì wa ṣófo lọ́jọ́ Sátidé," ó ní. "Ọkọ mi máa ń lọ sí ilé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni kó o ti máa se é, kó o ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Tí òórùn ẹ̀ bá fi lè wọ ilé mi, ìwọ àti èmi ni."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní gbogbo ìgbà ooru wọn tó gbóná wọ̀ọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Jìbírílù á wakọ̀ lọ sí Joliet, á yọ́ imí-ọjọ́ sórí páànù, á jẹ́ kó tutù, á sì gbé e wálé nínú aṣọ mímọ́. Kàfáyàtù ti padà sílé, ikùn rẹ̀ ti ń yọ. Bí Jìbírílù bá wọ balùwẹ̀ tó pa iná, á kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Rárá o."

"Ẹ jáde, mo fẹ́ tọ̀."

Oṣù kẹjọ kọjá, oṣù kẹsàn-án kọjá. Ní oṣù kẹwàá, ó rí nǹkan kan tó dà bí òjìji lẹ́tà kan, àmọ́ nígbà tó fẹ́ ẹ, ó tú ká. Ó di pé kò gbọ́ bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó pàdánù ibi tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ nínú tírénì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá rẹ̀, Mister Novak, bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Jìbírílù ti ń rò ó pé bóyá òun ò mọ ọ̀nà ni, bóyá òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, ọjọ́ Sátidé, yìnyín ti bo títì, wọ́n sì ti ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná láti bí oṣù kan. Ètè Jìbírílù ti bó. Ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọn láti wá kóòtù, ilẹ̀kùn sì padé mọ́ ọn. Bó ṣe fẹ́ bọ́ súwẹ́tà tó wọ̀, ó gbọ́ tatata létí, ó sì rí i: àwọn iná wẹ́wẹ́ ń tàn lára aṣọ náà nínú òkùnkùn.

Ó dúró gbagidi pẹ̀lú súwẹ́tà lórí.

Balùwẹ̀! Oṣù mẹ́fà gbáko ló ti ń ra páànù níbi tí èèyàn méjì ti ń wẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà ooru tí afẹ́fẹ́ tó ń ti orí adágún ńlá ẹ̀gbẹ́ ìlú wá tutù bí aṣọ tí wọn ò tíì sá. Omi inú afẹ́fẹ́ ni. Òun ló ń kó iná náà lọ kó tó rí páúdà. Ìwé kò sọ ọ́ fún un; bóyá ó sọ ọ́, òun ló fojú fò ó. Ní báyìí, afẹ́fẹ́ ilé ti gbẹ bí ìṣáná.

Ó sáré jáde. "Káfà! Jọ̀ọ́, pa iná ìkòkò yẹn!"

"Ìrẹsì ò tíì jinná."

"Pa á ná. Oru ẹ̀ ni. Gba gíláàsì yìí, kọ ọjọ́ òní sí i, kó o kọ Rogers Park."

Kàfáyàtù pa iná náà. Ó gba gíláàsì pẹlẹbẹ àti kálàmù. Ikùn rẹ̀ ti tóbi tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi jókòó sídìí tábìlì. Ó rò ó díẹ̀.

"Mi ò kọ ọjọ́ kankan," ó ní. "Orúkọ mi ni màá kọ. Ìyàwó ọkùnrin tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀."

Òótọ́ ni. Jìbírílù ò mọ̀ ọ́n.

Ó kọ KÀFÁYÀTÙ gàdàgbà. Jìbírílù wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ra páànù náà pẹ̀lú hánkáṣíìfù. Ó gbé gíláàsì lé e, ó tan gílóòbù, ó ka mẹ́wàá, ó pa á. Ó bu páúdà sí i, ó fẹ́ ẹ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ojú ọmọdé. Kò wò ó. Ó gbé páànù náà jáde bó ṣe wà, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀.

Orúkọ náà wà níbẹ̀, ó dúdú, etí rẹ̀ rí wúruwùru díẹ̀, àmọ́ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé, àti àmì orí rẹ̀. Jìbírílù tẹ bébà tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì mọ́ ọn, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án, ó ṣí i. Orúkọ náà kọ ẹ̀yìn síwájú.

"Ẹ ti dojú mi dé," Kàfáyàtù ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó fi di ikùn mú. Jìbírílù ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dojú gíláàsì dé, wọ́n tún un ṣe, lẹ́ẹ̀kejì orúkọ náà dojú kọ ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rántí ìrẹsì.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, Mister Novak rán an sí ọ́fíìsì àwọn lọ́yà yẹn. Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ wọn ń ṣe ti ń ṣì, ó ń ṣe àbàwọ́n funfun. Àwọn méjì ti lọ ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta nínú ẹ̀rọ, kò yí padà. Wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n gbé e kúrò pátápátá.

Jìbírílù kò ṣí ẹ̀rọ náà. Ó mú bébà kan nínú àpótí ìkóbébà, ó fi ìka ra á. Ó rọ̀, ó tutù díẹ̀. Ó wò yíká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó bébà sí, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń tú oru omi sáfẹ́fẹ́.

"Ti ta ni yìí, mà?"

"Tèmi ni," Missis Hanrahan dáhùn. "Ọ̀fun mi máa ń gbẹ nígbà òtútù. Ọmọ mi ló rà á fún mi."

Jìbírílù ní kí wọ́n fún òun ní bébà láti yàrá mìíràn. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde dúdú minimini. Missis Hanrahan wo bébà náà, ó wo ẹ̀rọ olóru rẹ̀, ojú tì í.

"Bébà tó tutù kì í lè di iná tó ń fa páúdà mọ́ra mú," Jìbírílù sọ fún un. "Mo sì jẹ yín ní ìdáhùn kan. Ẹ yá mi ní kóòmù yín." Ó fi kóòmù náà ra apá súwẹ́tà rẹ̀, ó ya bébà kan wẹ́wẹ́, ó gbé kóòmù náà sórí àwọn ègé rẹ̀, wọ́n fò mọ́ ọn. "Irin roboto kan wà nínú ẹ̀rọ yìí tá à ń pè ní ìlù; gbogbo ara ẹ̀ ló máa ń rí báyìí kí iná tó tàn. Iná máa ń kan ibi tó funfun nínú ìwé yín, á bọ́ sára ìlù, agbára ibẹ̀ á kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ṣókùnkùn, kò kú. Ibẹ̀ ni páúdà ń lọ."

Obìnrin náà gba kóòmù rẹ̀ padà. "Nítorí náà, iná kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ," ó ní. "Ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ ló ń pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀nà yẹn dára jù bí mo ṣe sọ ọ́."

Missis Hanrahan pe Mister Novak fúnra rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ó yin Jìbírílù fún un. Ní oṣù kejì, wọ́n ní kí Jìbírílù máa lọ sí iléeṣẹ́ wọn ní Naperville lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Ó gba kíláàsì físíìsì kan ní ìrọ̀lẹ́, ó yege, kò sì gba èkejì. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ ti tó òun. Àwọn kan gbà á gbọ́.

Ọmọbìnrin ni Kàfáyàtù bí, wọ́n sọ ọ́ ní Ràhámọ̀tù. Ọmọ náà pé oṣù mẹ́fà tí Kàfáyàtù fi gbé fọ́ọ̀mù kan sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀. Ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ni.

"Mo ti ń wẹ aláìsàn fún ọdún mẹ́rin," ó ní. "Mo máa ń rí i kí dókítà tó rí i, tí nǹkan bá ń ṣe wọ́n. Wọn kì í bi mí. Mo fẹ́ kí wọ́n máa bi mí."

Jìbírílù ka fọ́ọ̀mù náà dé ìsàlẹ̀. "Àárọ̀ ni gbogbo kíláàsì yìí."

"Mo mọ̀."

"Ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní kí Mister Novak fi yín sí iṣẹ́ ọ̀sán. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀ níṣẹ́, kò ní sọ fún yín pé rárá."

Ó jókòó tì í, kò sọ pé jọ̀ọ́, kò sì wo ibòmíràn. Jìbírílù wá kálàmù. Àyè kan wà ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ní kí ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹsàn-án tí ilé-ìwé wọlé, Kàfáyàtù jí kí aago tó dún. Ó pààrọ̀ ìbòrí lẹ́ẹ̀mẹta, ó kó ìwé sínú báàgì, ó kó wọn jáde, ó tún kó wọn padà. Ó fún ọmọ lọ́mú, ó gbé e fún bàbá rẹ̀, ó ní òun ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ku wákàtí kan gbáko. Jìbírílù gbọ́ bó ṣe ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí tírénì kọjá lórí afárá tó wà lókè títì, ó gbé ọwọ́ ọmọ sókè, ó fi jù sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ bóyá inú èyí tó ń kọjá lọ yẹn ni ìyá rẹ̀ wà.